Ìjàpá tí tọ́tù rẹ̀ ń há: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Ọkọ̀: Volkswagen Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì 1600 tí afẹ́fẹ́ ń tù, kabúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì) Solex 34 PICT-3.

Ẹ̀sùn: bí ọkọ̀ bá gun òkè tán, tí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà iná, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa réèsì. Nígbà mìíràn á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí 4. Nígbà mìíràn, àfi kí awakọ̀ fi imú bàtà kọ́ pẹ́dà sókè láti abẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti rìn tó ogún ìṣẹ́jú ni ó máa ń le jù.

Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i tẹ́lẹ̀: sípírín mẹ́ta la bá lára apá tọ́tù, ìyẹn apá tí kébù (wáyà tó wá láti pẹ́dà) ń fà láti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ni ti ilé iṣẹ́. Ìkejì jẹ́ sípírín sítáńdì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi wáyà kọ́ mọ́ ilé fáànù. Ìkẹta kì í tilẹ̀ ṣe sípírín, rọ́bà túùbù ni wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, tọ́tù ṣì ń há.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ sípírín yìí kí a tó gbé sípánà, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe fún ọkọ̀ tó bá ní irú àìsàn yìí. Sípírín tó le kì í wo tọ́tù sàn. Ohun tó há ṣì há. Agbára tó ń fà á ni ó pọ̀ sí i. Títí agbára yẹn náà kò fi ní ká a mọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì, kébù ń jìyà, ihò tí ọ̀pá labalábá (ọ̀pá tó ń ṣí, tó ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú kabúrétọ̀) ń yí nínú rẹ̀ sì ń jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni sípírín ń fà á sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi sípírín kejì ṣe ìdúró-de-ọjọ́, pé bí ọ̀kan bá já kí ìkejì lè da tọ́tù padà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí tọ́tù ti máa padà fàlà pẹ̀lú ọ̀kan ṣoṣo kí ìkejì tó dé ibẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé ibi àtúnṣe

Bí tọ́tù bá há lójú ọ̀nà, ẹ tẹ kíláàṣì, ẹ bọ́ gíà sí fíríì. Ẹ́ńjìnnì á ké gan-an; ẹ jẹ́ kó ké. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà ìgbésẹ̀ kan péré kí ẹ́ńjìnnì kú, ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ jáde títí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá, nítorí Ìjàpá tó ní títì sítíárì lè ti sítíárì mọ́ yín lọ́wọ́. Búréèkì Ìjàpá kò ní búsítà (ohun tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀) tó ń jẹ láti ara ẹ́ńjìnnì, nítorí náà pípa ẹ́ńjìnnì kò ní sọ búréèkì di líle. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó máa fọwọ́ fa pẹ́dà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré.

Kí a tó tú nǹkan kan, a gbé ìjókòó ẹ̀yìn, a sì tú wáyà àáàtì kúrò lórí bátìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Epo yóò kán sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí bí kò ṣe ní kán. Bí ọ̀gbẹ́ni wẹ́dà bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ tàbí kí ẹ dúró kó parí.

Pípín tọ́tù sí méjì

Ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n ń ná sórí kabúrétọ̀ lásán ni wọn ì bá má ná bí wọ́n bá kọ́kọ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tí híhá wà. Tọ́tù Ìjàpá ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Pẹ́dà àti kébù ni ẹ̀gbẹ́ iwájú: kébù náà gba inú páìpù kan tó wà nínú ikùn gígùn tó là ọkọ̀ láàárín, ó jáde lẹ́bàá gíà, ó gba inú páìpù mìíràn tó la ilé fáànù já, ó sì bọ́ sí ara kabúrétọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni apá tọ́tù, ọ̀pá tó dábùú kabúrétọ̀, àti labalábá, ìyẹn pẹlẹbẹ róbótó aláwọ̀ idẹ tó ń ṣí, tó ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé ni ìdè kékeré kan lórí apá tọ́tù, tó rí bí àgbá kékeré, tí súkúrú kan di orí kébù mú nínú rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́, kébù ṣì wà lójú rẹ̀: ẹni kan jókòó sí iwájú, ó tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni kejì dúró lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà lára apá tọ́tù. Apá náà padà, ó sì dúró nígbà tó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta ọ̀nà.

Ìdánwò kejì: a tú rọ́bà túùbù àti sípírín kẹ̀kẹ́ dànù, a tú súkúrú ìdè náà, a fa kébù yọ. Púláyà ni a fi di àgbá kékeré yẹn mú nígbà tí a ń tú súkúrú rẹ̀; bí ẹ kò bá dì í mú, agbára ọwọ́ yín ni yóò tẹ apá tọ́tù, apá tó bá sì ti tẹ́ yóò máa ha ara kabúrétọ̀. Lẹ́yìn èyí a fi ìka ṣí tọ́tù, a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó padà kíákíá, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìparí, kò kàn dúró, ó dún "ká!", ó sì wọ inú ihò bí ìdérí tó há. Láti tún un ṣí, ìka ní láti ta á kí ó tó jáwọ́.

Ìdánwò kẹta: a fa orí kébù tó ti wà lófìfo, a tì í padà, láìsí apá tọ́tù lára rẹ̀. Ó wúwo. Ní ibì kan láàárín, ó ń fà, ó ń dúró, bí aṣọ tó kọ́ mọ́ ìṣó.

Nítorí náà, àìsàn méjì ni ọkọ̀ yìí ní, kì í ṣe ọ̀kan. Kébù ló ń mú kí tọ́tù má padà. Labalábá ló ń mú kí ọkọ̀ fò bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná láti ìdúró. Awakọ̀ kò sọ ti ìkejì yìí rárá, ó ti mọ́ ọn lára.

Ó yẹ kí a fi ìdánwò kẹrin kún un fún ẹni tó bá ń ka èyí nítorí ọkọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń réèsì, ṣùgbọ́n tí apá tọ́tù ti padà délẹ̀ pátápátá, tọ́tù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Ẹ wo rọ́bà méjì tó so mánífóòdù (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo láti kabúrétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì) pọ̀. Bí wọ́n bá ti sán, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, síló (eré ẹ́ńjìnnì nígbà tí a kò tẹ iná) á sì ga. Ẹ wo inú dìsítíríbítọ̀ pẹ̀lú: àwọn òṣùwọ̀n kékeré tó ń ti iná pílọ́ọ̀gì síwájú lè gbẹ, kí wọ́n má padà, síló yóò sì dúró sókè fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Ìyẹn máa ń jọ híhá tọ́tù débi pé wọ́n á tú kabúrétọ̀ ní ìgbà mẹ́ta kí wọ́n tó ronú kan dìsítíríbítọ̀.

Pẹ́dà àti kébù

A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò níwájú. Lábẹ́ pẹ́dà iná ni ilẹ̀ pupa Ifẹ̀ ti gbára jọ, ó ti dì gbagidi bí bíríkì, tó fi jẹ́ pé pẹ́dà kò lè dé ilẹ̀ dáadáa mọ́, pín-ìnnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ. A fi ọ̀bẹ họ ọ́, a fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, a kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí pín-ìnnì ìsàlẹ̀ náà, a sì mì ín títí tí pẹ́dà fi ń ṣubú fúnra rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé láìwọn ojú pẹ́dà náà lè di tọ́tù mú. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ yìí gùn tó ìka méjì ju bó ṣe yẹ lọ, a sì gé e.

Ibi tí kébù ti kọ́ mọ́ pẹ́dà ni a ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an. Fọ́nrán wáyà mẹ́ta ti já níbẹ̀, wọ́n ti ká sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Bí awakọ̀ bá tẹ iná díẹ̀, ìwọ̀ náà kò tíì jáde nínú páìpù. Bó bá tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, bí ìgbà tó ń gun òkè, ìwọ̀ yóò jáde tán. Nígbà tí kébù bá fẹ́ padà, yóò kọ́ mọ́ ẹnu páìpù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń há lẹ́yìn òkè, tí kì í há nígbà tó ń yí kiri láàárín ìlú. Ó sì yé wa báyìí ìdí tí kíkọ́ pẹ́dà sókè fi ń tú u sílẹ̀: ó ń ti ìwọ̀ náà wọlé padà.

Kí ló já a? Sípírín mẹ́ta yẹn ni. Kébù yìí máa ń tẹ́ díẹ̀ ní ẹnu páìpù ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ iná. Bí ohun tó ń fà á lẹ́yìn bá wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta, ibi tó ń tẹ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀.

Lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́bàá gíà, rọ́bà tó yẹ kó bo ibi tí kébù ti ń jáde kò sí mọ́. Omi àti eruku ti ń gba ibẹ̀ wọ páìpù, kébù sì ti dípẹtà níwọ̀n ọwọ́ kan. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku lẹ́búlẹ́bú yẹn a máa bá ìpẹtà pọ̀, yóò sì di ohun tó ń họ irin bí pépà ìhọ-igi.

A ra kébù tuntun. Kébù Ìjàpá kì í ṣe gígùn kan náà láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì, ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ fi wọ́n wéra kí ẹ tó sanwó. Wọ́n lè fún yín ní kébù kíláàṣì ọ̀kadà pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìparí rẹ̀ kò bá ìkọ́ pẹ́dà mu, ẹni tó bá sì ká a bọ ara rẹ̀ láti fi ṣe ojú ìkọ́ ti gbin ìwọ̀ tuntun síbẹ̀.

Bí a ṣe pààrọ̀ rẹ̀: a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, a gbé e ka ẹsẹ̀ irin méjì, a fi òkúta ńlá dí àwọn táyà iwájú. A fa kébù àtijọ́ láti iwájú jáde. A gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà, a fẹ́ ẹ sínú páìpù láti iwájú. Ohun pupa tó jáde lẹ́yìn tó kún ọwọ́. A fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a so àkísà tó rin fún ọ́ìlì mọ́ gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, títí àkísà fi jáde láìní ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni a fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa kébù tuntun láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì ń tì í bọ inú páìpù láti iwájú, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà ṣẹ́. Kébù tó bá ti ṣẹ́ níbì kan ṣoṣo kò dára mọ́. Kò sí bí a ṣe lè tọ́ ọ tí kò ní máa fà níbẹ̀.

Lábẹ́ ọkọ̀ a fi rọ́bà tuntun bo ẹnu páìpù, a ti kébù bọ inú páìpù ilé fáànù, ó sì yọ sára kabúrétọ̀. A kò tíì dì í.

Kabúrétọ̀

A tú fíltà afẹ́fẹ́ kúrò. Èyí tó ní ọ́ìlì nínú wúwo, ọ́ìlì rẹ̀ sì lè dà. Ẹ gbé e dọ́gba. A tú rọ́bà epo, a fi bóòtù kékeré kan dí ẹnu rẹ̀. A tú wáyà méjì, ti ṣọ́ọ̀kù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù) àti ti sólẹ́nọ́ìdì tó ń dí ọ̀nà epo síló, àti rọ́bà tó lọ sí dìsítíríbítọ̀.

Kí a tó tú nọ́ọ̀tì 13 méjì tó di kabúrétọ̀ mọ́ mánífóòdù, a ṣe ìdánwò kan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí a fẹ́ràn púpọ̀. A fi ìka ṣí tọ́tù, a pa á, a sì fiyè sí bó ṣe wúwo. Lẹ́yìn náà a tú nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀, nǹkan bí ìyípo kan, a tún ṣí i. Ó fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀tì ń fún kabúrétọ̀, ó sì ń yí ojú ihò rẹ̀ padà.

Nígbà tí a gbé e kúrò, ìdí rẹ̀ hàn. Gáskẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n tò lé ara wọn, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù láàárín wọn. Gáskẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó sì rọ̀ báyìí kì í jẹ́ kí etí kabúrétọ̀ méjèèjì rí ohun líle jókòó lé; bí a bá ń di nọ́ọ̀tì, etí ń tẹ́ sílẹ̀, àárín ń gbé sókè. A kó ìdí kabúrétọ̀ lé orí gíláàsì nípọn, fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) 0.15 mìlímítà sì gba abẹ́ àárín rẹ̀ kọjá. A fi àkísà mímọ́ dí ẹnu mánífóòdù, nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá bọ́ síbẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

A lẹ pépà ìhọ-irin 240 mọ́ gíláàsì, a fi ọ́ìlì díẹ̀ sí i, a sì ń ti ìdí kabúrétọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, ọwọ́ fẹ́lẹ́, a ń yí i padà ní ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jẹ ju èkejì lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ gbogbo ti dán bákan náà, a fi 400 parí rẹ̀. Fílà 0.05 kò wọlé mọ́. Ẹ má lo fáìlì fún èyí. Fáìlì kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Inú ihò, lókè àti nísàlẹ̀ labalábá, dúdú fún ìdọ̀tí. Kì í ṣe epo nìkan ló ń fà á. Èéfín ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá máa ń gba rọ́bà kan lọ sínú fíltà afẹ́fẹ́, láti ibẹ̀ ni ó ń gba kabúrétọ̀ kọjá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó díẹ̀, èéfín yẹn pọ̀, ó sì ń bá eruku dì. Bí kabúrétọ̀ bá gbóná, ìdọ̀tí yìí a rọ̀, a lẹ̀ bí àtè ẹyẹ. Èyí ló ṣe é tí ọ̀ràn ọkọ̀ yìí fi ń le sí i lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. A fi òògùn ìfọ kabúrétọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, a fẹ́ ẹ gbẹ. Kò sí wáyà tó yẹ kó wọ inú jẹ́ẹ̀tì (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà) kankan; afẹ́fẹ́ nìkan.

Nígbà tó mọ́ tán, a rí ìlà dídán tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ihò, níbi tí etí labalábá ti ń jẹ́ ẹ. Ìlà yìí ló dáhùn "ká!" ìdánwò kejì. Lórí 34 PICT-3, súkúrú kan wà lára apá tọ́tù tó máa ń fi orí kan kámù alátẹ̀gùn (irin onípele-ìpele) tó wà lára ṣọ́ọ̀kù. Súkúrú yìí kì í ṣe ti síló. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀kù ti ṣí ni kí ó má jẹ́ kí labalábá kúnlẹ̀ sínú ihò. Àlàfo tín-ín-rín, nǹkan bí 0.1 mìlímítà, ni ó yẹ kó ṣẹ́ kù. Síló ọkọ̀ yìí ga nígbà kan rí, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba gáskẹ́ẹ̀tì méjì wọlé, ẹnìkan sì tú súkúrú yìí jáde kí síló lè rọlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni labalábá ti ń há mọ́ ihò bí ìdérí ìkòkò.

Ọ̀pá labalábá ńkọ́? A dì í mú, a mì í sókè-sódò. Ó mì díẹ̀ gan-an. Kí a tó tú ohunkóhun a ti fi omi wọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń síló, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, nítorí náà a fi í sílẹ̀. Omi ni kí ẹ lò fún ìdánwò yìí; àwọn tó ń wọ́n epo sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ń wá iná. Bí ohùn bá yí padà, tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ni yóò wọn ọ̀pá náà pẹ̀lú fánìà kálípà, yóò lu ihò náà tọ́, yóò sì ti búṣìn idẹ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yẹn gba kí a yọ labalábá, ìkìlọ̀ sì wà níbẹ̀: wọ́n ti kàn ìdí súkúrú kékeré méjì tó dì í mú pọ̀ kí wọ́n má baà tú. Ẹ fi fáìlì kékeré họ ibi tí wọ́n kàn náà kúrò kí ẹ tó tú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ yóò já. Ẹ fi àmì sí ojú labalábá tó kọ sókè, nítorí etí rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, kò ṣeé yí. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ kọ́kọ́ pa á kí ó fúnra rẹ̀ rí àárín ihò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ di súkúrú tuntun, kí ẹ sì kàn ìdí wọn padà. Súkúrú tó bá tú níbẹ̀ yóò bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì.

A fi ẹ̀kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sí ibi tí ọ̀pá pọ́ńpù ti kọ́ mọ́ apá tọ́tù. Gírísì kọ́ níbí. Ìta gbangba ni, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Dídá a padà àti títò ó

Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kan, láìsí gọ́ọ̀mù. A di nọ́ọ̀tì méjèèjì ní ìdajì-ìdajì ìyípo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú sípánà kúkúrú kí ọwọ́ má baà lágbára jù. A ń ṣí tọ́tù pẹ̀lú ìka bí a ṣe ń dì í. Lọ́tẹ̀ yìí kò wúwo sí i.

A dá wáyà bátìrì padà, a sì yẹ ṣọ́ọ̀kù wò: nígbà tí a tan kọ́kọ́rọ́, tẹ́sítà tàn lórí wáyà rẹ̀, ìyẹn ni pé iná 12 fóòtì ń dé ibẹ̀. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ṣọ́ọ̀kù kò ní ṣí, kámù á gbé tọ́tù sókè, ọkọ̀ yóò sì máa réèsì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àmì orí ìdérí rẹ̀ dojú kọ àmì àárín.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀kù ṣí tán, a tú súkúrú apá tọ́tù títí àlàfo fi wà láàárín rẹ̀ àti kámù, a dì í padà títí tó fi kan ìpele tó kéré jù, a sì fi ìdámẹ́rin ìyípo lé e. A kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. "Ká!" ti lọ.

Súkúrú kékeré tó ń pín epo síló: a dì í wọlé jẹ́jẹ́ títí tó fi dúró, a tú u jáde ní ìyípo 2 àti ààbọ̀. Súkúrú ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti síló. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, a fi ńlá gbé e sí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan, a yí kékeré títí ẹ́ńjìnnì fi sáré jù, a dì í padà díẹ̀ títí tó fi rọlẹ̀ bí 20 sí 30, a sì fi ńlá dá a padà sí 850.

Kébù ló gbẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ẹnì kan tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀. A ṣí tọ́tù tán pátápátá, a fi àlàfo mìlímítà 1 sílẹ̀ láàárín apá tọ́tù àti ibi ìdúró rẹ̀, a fi púláyà di àgbá kékeré mú, a sì di súkúrú rẹ̀. Mìlímítà 1 yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lọ. Bí kò bá sí i, gbogbo ìwúwo ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò já lé kébù àti ọ̀pá labalábá nígbàkígbà tó bá tẹ iná tán. Bó bá sì pọ̀ jù, tọ́tù kò ní ṣí tán, awakọ̀ á ní ọkọ̀ kò lágbára. Ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lè fi bíríkì kan tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Kí ó rántí gbé e kúrò kí ó tó sítáàtì ọkọ̀.

Sípírín ilé iṣẹ́ nìkan ni a dá padà. Ojú ìkọ́ rẹ̀ kò tíì jẹ.

Síìtì gíà

Nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, a fi irin gígùn gbé ẹnu gíà díẹ̀. Rọ́bà síìtì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó gbé gíà mọ́ bọ́dì, ti sán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ara bọ́dì ni pẹ́dà wà, ara ẹ́ńjìnnì ni kabúrétọ̀ wà; bí síìtì bá já, ẹ́ńjìnnì yóò máa rìn síwá-sẹ́yìn, kébù á sì máa fa tọ́tù láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ti ọkọ̀ yìí kò tíì dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ìdánwò ojú ọ̀nà

Láàárín ìlú lákọ̀ọ́kọ́, Mayfair sí Lágéré àti padà, níbi tí a ti ń tẹ iná tí a sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìgbà gbogbo. Kò fò láti ìdúró mọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà Iléṣà dé Òṣú àti padà, nítorí òkè wà níbẹ̀ tí a óò tẹ iná dé ilẹ̀ fún. Lórí òkè kọ̀ọ̀kan a tẹ̀ ẹ́ tán, a jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí a padà dé, a pa ẹ́ńjìnnì, a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa ń gòkè wá bá kabúrétọ̀ ní àkókò yìí; bí ohunkóhun bá ṣì fẹ́ há, ìgbà yìí ni yóò há. A fi ìka ṣí apá tọ́tù lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó padà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Yóò padà wá lẹ́yìn 500 kìlómítà: a óò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kabúrétọ̀ méjèèjì, nítorí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń jókòó díẹ̀, a óò sì ká kápẹ́ẹ̀tì wo orí kébù níbi tó ti kọ́ mọ́ pẹ́dà. Fọ́nrán kan péré tó bá já níbẹ̀, kébù mìíràn ni.